Kámẹ́rà Mubarakah Nígbà Òjò

Ní Ìgándò, bí ẹ bá ti ní ọmọ tuntun tí ẹ fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, Mubarakah ni wọ́n máa darí yín sí. Ọwọ́ rẹ̀ dáa, ara rẹ̀ sì yọ̀ mọ́ èèyàn. Àmọ́ ẹ má béèrè bí kámẹ́rà rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe bàjẹ́ o, ojú máa ń tì í.

Kò sí níbí ṣá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Ìfẹ́ ló fi bà á jẹ́! Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń tọ́jú aṣọ òkè ní Ògbómọ̀ṣọ́ lòun náà ṣe tọ́jú kámẹ́rà: ó fi ìró wé e, ó dì í sínú ọ̀rá, ó da káńfọ̀ sí i, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Kámẹ́rà ni o, kì í ṣe aṣọ! Ìgbà òjò sì nìyẹn, tí ògiri ilé ń làágùn. Nígbà tó máa fi yọ ọ́, ebu funfun ti ta sínú dígí rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn.

Abdulganiyy tó ń tún kámẹ́rà ṣe ní Ẹ̀gbẹ́dá wò ó, ó mi orí.

"Ìyá Fàthíà, òkùnkùn àti ọ̀rinrin ló pa á. Káńfọ̀ ò lè lé ebu, kòkòrò ló ń lé. Òmíràn tẹ́ ẹ bá rà, ẹ jẹ́ kó máa rí afẹ́fẹ́, kó máa rí ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa lò ó déédéé."

Zikrullah, ọkọ rẹ̀, wà lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, ó ń tòògbé. Télọ̀ ni. Kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ kámẹ́rà?

Ó pẹ́ gan-an kí Mubarakah tó rí òmíràn rà. Kò tíì lò ó tẹ́rùn tí oyún fi dé, oyún ọ̀hún sì le. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ kúrò ní ọsibítù títí yóò fi bímọ. Òjò tún bẹ̀rẹ̀, ó ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì, bó ṣe ń gbàdúrà fún ọmọ inú ló ń ronú kámẹ́rà tó wà nínú báàgì nílé. Bí èyí náà bá bu, iṣẹ́ ti parí nìyẹn, kò lókun àtibẹ̀rẹ̀ mọ́. Àmọ́ ọkùnrin tó ń sáré láti ṣọ́ọ̀bù dé ọsibítù pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́, ṣé òun lèèyàn máa ní kó lọ tọ́jú kámẹ́rà? Abọ́ oúnjẹ ló ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò dárúkọ kámẹ́rà.

Alhamdulillahi, ó bí ọkùnrin, tìyá tọmọ sì wà láyọ̀. Bó ṣe délé, ó gbé ọmọ fún bàbá rẹ̀, ó kọjú sí báàgì. Òfìfo!

"Bàbá Fàthíà, kámẹ́rà mi dà?"

"Ó wà lórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé. Ṣebí Abdulganiyy ní kó máa rí ìmọ́lẹ̀?"

Mubarakah gbé e, ó yẹ dígí rẹ̀ wò síwá sẹ́yìn. Ó mọ́ fo! Kò sí ebu kankan.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sùn lọ́jọ́ yẹn?"

"Ojú ló ń sùn, etí ò sùn. Ó tún ní ká máa lò ó, mo sì ń lò ó láràárọ̀."

Ó tan kámẹ́rà. Yéè! Fọ́tò wíwọ́ rẹpẹtẹ, àtàǹpàkò Zikrullah wà nínú òmíràn. Sálúbàtà Mubarakah lẹ́nu ọ̀nà. Híjáàbù rẹ̀ lórí okùn. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó máa ń sùn sí, òun náà rèé lẹ́ẹ̀kan sí i, òun náà tún rèé.

Ẹ̀rín pa á. "Kí lẹ ń ya bẹ́ẹ̀dì òfìfo fún, jàre?"

Zikrullah ń wo ojú ọmọ tó gbé dání.

"Ìwọ ni mo fẹ́ yà. O ò sí nílé ni."

Ẹ̀rín yẹn di ẹkún mọ́ Mubarakah lẹ́nu. "Ẹ ṣé o, Bàbá Fàthíà," ló ń wí ṣáá, "ẹ ṣé, ẹ ṣé," títí ọmọ fi jí.