Ewé Mépù Inú Àpótí Ìkẹyìn

Odindi ọdún mọ́kànlá ni Ìyá Olókùúta fi yẹra fún àpótí kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa la òkúta ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kó fi òòlù kékeré àti ṣísù, irin ẹlẹ́nu mímú, wá ojú àwọn ewé tó ti di òkúta láti àìmọye ọdún sẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀ ló máa ń wa àwọn òkúta náà. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbẹ́ kòtò tó ń wa wó lu ọkùnrin náà, àpótí tó dì kẹ́yìn ti wà nínú ọkọ̀. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé, wọ́n gbé àpótí lọ síbi iṣẹ́. Láti ìgbà náà, òkúta ẹlòmíràn ni ìyàwó rẹ̀ ń là.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ọkùnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò ju ti àkọ́bí obìnrin náà lọ, kò fagbára mú un. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Wọ́n ti rí ewé kan nínú òkúta àdúgbò wọn, oníka márùn-ún bí àtẹ́lẹwọ́, bíi ti igi mépù tó ń hù nílẹ̀ olótùútù. Wọ́n sì ti rí èso abìyẹ́ kan lọ́tọ̀, irú èyí tí atẹ́gùn máa ń fẹ́ yí bírí-bírí. Àwọn onímọ̀ àgbà ní igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ni wọ́n, pé méjèèjì ti run láìní ẹbí kankan láyé mọ́. Òun ń wá ẹ̀rí pé igi kan náà ni.

"Ìyá, ẹ má bínú," ó wí láti ẹnu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Àpótí Bàbá nìkan ló kù."

Obìnrin náà nu ọwọ́ lára épírọ́ọ̀nù títí. "Ẹ bá mi gbé e sórí tábìlì. Kẹ́ ẹ sì jáde o, ẹnu yín ti pọ̀ jù."

Òkúta mẹ́rin àkọ́kọ́, òfo. Ìkarùn-ún la gẹ́rẹ́ bíi búrẹ́dì. Ẹ̀ka tín-ínrín kan sùn sínú rẹ̀, ewé oníka márùn-ún lápá kan, èso abìyẹ́ lápá kejì. Igi kan ṣoṣo ni! Lára ìwé tí ọkọ rẹ̀ fi wé òkúta náà, ó ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pé: "Ìyá wọn, rọra la èyí o."

Ó jókòó sílẹ̀. Ẹkún tí kò rí sun níbi ìsìnkú, ó sun ún nílẹ̀ yàrá náà.

Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé, ó to ewé mépù gbígbẹ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Ọ̀kan tó ṣì ń hù lókè òkun ní iṣan bíi ti ewé inú òkúta náà, ìyẹ́ èso wọn sì jọra.

"Ẹbí ni wọ́n, Ìyá. Tiwa ló kú tán, àwọn yẹn ṣì wà. Orúkọ yín la máa kọ pé ẹ rí i."

"Rárá o. Mo kàn là á ni. Ẹni tó rí i ń bẹ lábẹ́ ilẹ̀."

Orúkọ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ. Obìnrin náà fẹ̀yìn tì lóṣù kẹta lẹ́yìn náà, àkọ́bí rẹ̀ sì mú un lọ wo òkúta náà nínú gíláàsì lókè ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Àwọn èèyàn ń kọjá lọ láìdúró. Òun dúró ní tirẹ̀ títí ẹ̀ṣọ́ fi ní àwọn fẹ́ tilẹ̀kùn.