Ẹnu Màmá Lójú Tẹlifíṣọ̀n

Ara mi kì í balẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí mo bá ń se iṣu, kí ó tó hó, màá ti ṣí ìkòkò náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí mo ń wá kọ̀ǹpútà tí a ó so mọ́ tẹlifíṣọ̀n fún bàbá mi, mi ò tilẹ̀ lè jókòó jẹ iṣu náà.

Etí Bàbá ti di tipẹ́. Sọ́míìlì kan ní Ìbíadé, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, ni wọ́n fi gbogbo agbára wọn sìn, ariwo ẹ̀rọ ló sì gba etí náà lọ́wọ́ wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í wulẹ̀ pariwo mọ́ra wọn. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, láìsí ohùn, oníkálùkù á sì ka ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnìkejì rẹ̀. Ìyá mi máa ń gbé ẹ̀bà àti ẹja lọ tà fún wọn, ibẹ̀ ni Màmá náà ti kọ́ ọ, ibẹ̀ náà sì ni Bàbá ti kọnu ìfẹ́ sí wọn. Títí a fi dàgbà, bí àwọn méjèèjì bá ń jà, àwa ọmọ kì í gbọ́ nǹkan kan. A ó kàn rí i pé ètè Màmá ń yára, Bàbá á sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìyókù má baà kàn wọ́n.

Nígbà tí àìsàn dá Màmá dùbúlẹ̀, àbúrò mi obìnrin fi fóònù rẹ̀ olówó ńlá ká wọn sínú fídíò. Wọ́n ṣàdúrà fún wa, wọ́n ní ká má ṣe bá ara wa jà. Lẹ́yìn náà wọ́n wo ojú fóònù tààrà, ètè wọn ń mì, ohùn kankan ò sì jáde. Mo rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ Màmá, mo kó Bàbá kúrò ní Ìbíadé wá sí ilé mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mi ò bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Ta ni yóò fi arúgbó tí kò gbọ́ràn sílẹ̀ ní òun nìkan?

Oṣù méje ni fídíò náà fi wà lọ́wọ́ mi kí n tó fi hàn wọ́n. Ẹkún wọn ni mo ń sá fún. Ojú fóònù kéré jù fún ojú wọn, nítorí náà mo so láptọ́ọ̀pù mi mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀. Nígbà tó kan ibi tí Màmá ti mi ètè láìsí ohùn, Bàbá dìde.

“Èmi ló ń bá sọ ìyẹn,” ni wọ́n wí. “Ó ní kí n…”

Wọ́n dúró, nítorí pé àwòrán náà ti dúró. Àwòrán inú fídíò náà mọ́ kedere jù, ó sì wúwo ju ohun tí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ lè gbé. Ẹnu Màmá á là, á gan, lẹ́yìn náà á ti pa dé. Mo dín fídíò náà kù kó lè fúyẹ́, àmọ́ ètè wọn di bàìbàì. Bàbá bi mí pé kí ni ìyá mi ní kí àwọn ṣe, mi ò mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn ìrun àárọ̀ ni wọ́n ti ń wá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tí a ò tàn.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ra kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin ọlọ́jà fi orin kan hàn mí lórí ẹ̀rọ ńlá kan, ohùn rẹ̀ mi ìgànná, inú mi dùn, mo sanwó. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, èmi ti lá a. Nígbà tí mo délé, fídíò Màmá tún ń fo. Mo fi etí ra ẹ̀rọ fún ẹni tí kò gbọ́ràn.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé e padà, mo sì gbé fídíò náà dání. Ìyàwó ọlọ́jà ló wà níbẹ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó gbé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan wá, kò ju ọṣẹ ìfọṣọ gbọọrọ kan lọ, kò ní fáànù, kì í kùn. Ó ní kì í ṣe títóbi ẹ̀rọ ló ń mú fídíò lọ geere, pé wọ́n ti ṣe èyí kí ó lè gbé irú fídíò tiwa láìsí wàhálà. Ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n tó wà níbẹ̀. Màmá sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àjèjì, ètè wọn ń lọ láìdúró, mo sì ń sunkún.

Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí mo bá padà, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ ńkọ́?

Bàbá wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fọwọ́ júwe pé kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn ò sunkún rárá.

“Ó ní kí n má kúrò nínú ulé wa,” ni wọ́n wí. “Ó ní bí òun bá fẹ́ wò mí lójú àlá, ibẹ̀ lòun máa wá.”

Mi ò lè wo ojú wọn.

“Oṣù mélòó ni mo ti wà níbí?”

Mo na ìka méje.

“Oṣù méje ló ti ń wá, tí kò bá mi nílé.”

Mo wọ yàrá lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ wọn sínú báàgì.