Bí Mo Ṣe Lọ Sùn ní Erékùṣù Àwọn Olówó

Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ni èmi àti Làmídì, àbúrò mi, ti wà lójú títì ní Ẹ̀gùá, tí a gbé àpò ìrẹsì kan sáàárín, tí a ń retí mọ́tò. Ọjọ́ Ajé ni. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ̀yin ará ilé ti ń dá mi dúró lọ́nà pé kí n sọ bí erékùṣù náà ṣe rí. Mo ti sọ ọ́ sọ ọ́ títí ẹnu ti ń ro mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ ò gbàgbé pé ìjọba ti bodè pa nígbà náà. Ìrẹsì òkèèrè tó máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá kò kọjá mọ́. Epo mọ́tò pàápàá, wọ́n ní kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa torí a sún mọ́ bodè jù. Inú ìgò ni wọ́n ti ń ta á, ọ̀ọ́dúnrún náírà ni lítà kan, ẹni tó ń tà á á sì kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn kó tó dá ẹ lóhùn. Àmọ́ ohun tó ba ti ẹlòmíràn jẹ́ ló tún tiwa ṣe. Àwa tí à ń gbin ìrẹsì sí àbàtà, tí wọ́n máa ń fi òkúta inú rẹ̀ bú, àwa náà ni wọ́n wá ń wá kiri. Ọkùnrin kan wá láti ibi ìgbafẹ́ àwọn olówó tó wà ní erékùṣù kan lọ́nà Àgbádárìgì, láàárín ọ̀sà àti òkun. Ó ní kí n gbé àpò kan wá, kí n sì fọwọ́ ara mi sè é fún ọ̀gá alásè wọn. Wọ́n á fún mi ní yàrá lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ méjì. Tó bá dùn mọ́ wọn lẹ́nu, gbogbo ìrẹsì àwa obìnrin méjìlá tó wà nínú ẹgbẹ́ ni wọ́n á máa rà. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe tíṣà kí n tó fẹ̀yìntì sí oko, ta ni wọn ì bá tún rán bí kò ṣe èmi?

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe nìyí: inú àpò ìrẹsì òkèèrè ni mo kó ìrẹsì wa sí. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ilé wo ló wà ní Ẹ̀gùá tí kò ní àpò yẹn? Òun la fi ń di gàárì, òun la fi ń ká ilé ìwẹ̀ mọ́, orí rẹ̀ la ti ń sá láfún. Làmídì tiẹ̀ sọ fún mi pé kí n ra àpò funfun tuntun, igba náírà péré. Mo ní kí ni màá fi igba náírà rà tí mo ní mẹ́wàá irú rẹ̀ nílé? Bí ẹ bá mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mo sọ ju ìyẹn lọ.

Bàbá Sùnmọ́là, awakọ̀ ará Ọjà-Ọ̀dàn, ló gbé wa, ẹgbàá mẹ́sàn-án náírà títí dé etí omi. Ọ̀nà náà, ẹ mọ̀ ọ́n: kòtò bọ́ sí kòtò, àwọn tírélà sìmẹ́ńtì sì ti lọ̀ ọ́ kúnná. Bí a ṣe kọjá Ọjà-Ọ̀dàn, igi tí àwọn aṣọ́bodè fi dábùú ọ̀nà ti di mẹ́rin. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀kẹrin, ọmọdékùnrin kan tí kò ju ọmọ mi lọ, ní kí a ṣí bùútù.

"Màmá, kí ló wà nínú àpò yìí?"

"Ìrẹsì ni."

Bàbá Sùnmọ́là gbé orí lé ọwọ́ ọkọ̀. Ọmọkùnrin náà wo àpò, ó wò mí. "Háà, Màmá! Ẹ ò tiẹ̀ bò ó!"

"Kí ni màá bò? Oko mi ló ti wá."

"Ṣé oko yín náà ló kọ èdè òyìnbó sí i lára?"

Inú bí mi. Mo ní kó bu ìrẹsì náà sọ́wọ́, kó wò ó bó ṣe pọ́n, kó gbóòórùn rẹ̀. Ó bù ú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní òun kì í ṣe ará ibí, òun ò mọ ìyàtọ̀, ọ̀gá òun nìkan ló lè mọ̀ ọ́n, ọ̀gá sì ti jáde, ó di ọ̀la. Ìrẹsì á dúró, ẹni tó ni ín náà á dúró tì í. Kò pariwo mọ́ wa o, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè ohunkóhun. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Kí n tó lanu, Làmídì ti sọ̀ kalẹ̀. "Èmi ni mo ni ín," ló wí.

Mo pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láti ọdún tó ti já lórí ọ̀pẹ ni ẹ̀yìn ti ń dun Làmídì. Bó bá sùn sílẹ̀ lásán, kì í lè dìde láàárọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fà á. Ẹ̀yin náà mọ̀. "Làmídì, ẹ̀yìn rẹ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ ojú omi ò ní dúró dè yín. Bí ẹ ò bá dé, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe? Ẹ máa lọ. Bí nǹkan kan bá wà, màá pè yín."

Fóònù rẹ̀ ò ní iná tó ìka kan. Ọmọkùnrin náà jẹ́ kí n bu kóńgò méjì sínú náílọ́ọ̀nù, a sì lọ. Mo bojú wẹ̀yìn títí tí mi ò fi rí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́.

Ìlaró, Owódé, Àtàn, Agbára, mi ò rí gbogbo wọn dáadáa. Bàbá Sùnmọ́là ra búrẹ́dì fún mi ní Owódé, ó ní, "Ẹ jẹun, Tíṣà. Wọn ò ní pa á jẹ." Mo dì í mọ́wọ́ dé etí omi. Níbẹ̀ ni wọ́n ti wọ aṣọ kan tó wú bùkẹ̀ sí mi lọ́rùn lórí ìró àti bùbá, wọ́n ní òun ni kò ní jẹ́ kí n rì. Mo ka gbogbo súrà tí mo mọ̀, mo wá bẹ̀rẹ̀ èyí tí mi ò mọ̀ dáadáa.

Erékùṣù náà rèé. Iyanrìn rẹ̀ funfun bí gàárì Ìmáṣàyí. Òkun wà níwájú, ọ̀sà wà lẹ́yìn, síbẹ̀ wọ́n tún gbẹ́ odò mìíràn sí àárín, wọ́n lẹ̀ ẹ́ ní táìlì, ibẹ̀ gan-an làwọn ènìyàn ń wẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ Bọ́lá, ọmọbìnrin tó gbé báàgì mi, pé kí ló ṣe èyí tí Ọlọ́run dá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn máa ń gbé ènìyàn lọ. Àgbọn kan tí wọ́n fi ike mímu há lẹ́nu, ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Ní Ẹ̀gùá, igba náírà á ra ńlá, wọ́n á sì bá ẹ là á. Ẹja kan pẹ̀lú ọ̀dùnkún díńdín, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Nígbà tí Bọ́lá sì sọ iye tí wọ́n ń san lórí yàrá mi fún ọjọ́ kan, mo jókòó. Ẹgbẹ̀rún márùnlélọ́gọ́rin náírà! Wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì ṣe ẹyẹ sórí ibùsùn, mi ò mọ ẹni tí màá ké sí kó wá gbé e kúrò.

Mo pe Làmídì. Wọ́n ní fóònù rẹ̀ ti kú. Mo tún pè é bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, bí ẹni pé fóònù máa ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ fún wọn níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹnu mi ò gbà á. Mo wo àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, mo ní bí mo bá sọ pé wọ́n dá ìrẹsì mi dúró ní bodè, fàyàwọ́ ni wọ́n máa pè mí. Ta ló máa ra ìrẹsì lọ́wọ́ onífàyàwọ́? Bẹ́ẹ̀ ni mo dákẹ́. Mo ní àpò tó kù ń bọ̀ lẹ́yìn. Irọ́ kìíní nìyẹn. Mi ò lè dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilẹ̀ ni mo tẹ́ ẹní ìkírun mi sí, mo ń ronú nípa ẹ̀yìn Làmídì, ojú mi là títí ilẹ̀ fi mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo dáná fún ọ̀gá alásè. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, Yorùbá rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, ó sì ń da Faransé pọ̀ mọ́ ọn. "Doucement, Màmá, doucement," ló ń wí nígbà tí mo da omi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí n rọra. Ó rò pé ìrẹsì ló ń bà mí lẹ́rù. Nígbà tó jinná, ó bu ṣíbí kan, ó jẹ ẹ́, ó dijú. Ó bu èkejì. Ó wá dá ẹnu dúró, ó tu òkúta kan sínú àwo. 

"Ẹ bá mi ṣa òkúta rẹ̀ kúrò," ó ní, "ẹ máa kó o bọ̀. Kò sí irú òórùn yìí nínú ti òkèèrè. Pátírọ́ọ̀nù á wá tọ́ ọ wò nírọ̀lẹ́." Pátírọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pe ọ̀gá pátápátá.

Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á! Inú mi ì bá dùn. Mo ṣe alùwàlá, mo kí ìrun Ayílà, mo sì jókòó sí etí ibùsùn láti na ẹ̀yìn díẹ̀ péré. Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, ìrọ̀rí ń rì, òkun ń hó lókèèrè. Mo ní kí n kàn dijú.

Nígbà tí mo máa lajú, oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀. Alásàrí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo gbé fóònù. Ẹnì kan ti fi nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pè mí lẹ́ẹ̀méje.

Mo pè é padà. Fóònù náà ti kú.

Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Mo sáré jáde láìwọ bàtà, iyanrìn ń gún mi lẹ́sẹ̀, mo bá ọ̀gá alásè nídìí iná, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àpò, bodè, Làmídì, ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ń sunkún níwájú ọmọ tí mo lè bí.

"Láti àná?" ló wí. "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ojú ló ń tì mí. Mo rò pé ẹ ó pè mí ní fàyàwọ́."

"Èmi? Kẹ̀kẹ́ ni bàbá mi fi ń ru epo kọjá bodè títí ó fi kú. Ojú ń tì yín, àbúrò yín wà lórí sìmẹ́ńtì!"

 Ó mú mi lọ bá pátírọ́ọ̀nù, tó ti ń jẹ ìrẹsì mi tó sì ti gbà á, kò sì gba ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi tẹ lẹ́tà pé àwọn ló ní kí n gbé ìrẹsì wá láti oko mi, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n lè pè. Lẹ́tà tí mo lè gbà ní wákàtí tí mo dé! Ṣùgbọ́n ìgbì ti dìde, awakọ̀ ojú omi ní ó di àárọ̀. Wọ́n gbé ẹja ẹlẹ́gbẹ̀rún mẹ́sàn-án síwájú mi. Mo ní kí wọ́n gbé e padà.

Ọjọ́rú, kó tó di ọ̀sán, èmi àti Bàbá Sùnmọ́là, tó wá pàdé mi létí omi, dé ibi igi kẹrin náà. Làmídì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi káṣú. Nígbà tó rí mi, ó gbìyànjú láti dìde, kò lè nà tán, ó dúró ní títẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ní ìbàdí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin ọjọ́sí ka lẹ́tà, ó pe nọ́ńbà náà, ó sọ̀rọ̀ ní ṣókí, ó ní ká gbé ìrẹsì wa. Kò tó ìṣẹ́jú méjì.

"Màmá, àná ló yẹ kó ti lọ," ó ní. "Ọ̀gá dé, ó ní bí ẹni tó fẹ́ ra ìrẹsì bá ti lè bá òun sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ká tú u sílẹ̀. Mo yá a ní tèmi. Ó pè yín títí iná fi tán nínú ẹ̀."

Nínú ọkọ̀, a fi àpò náà ti Làmídì lẹ́yìn. Ó ní, "Ṣé wọ́n gbà á?"

"Wọ́n gbà á."

"Alhamdulilahi!" Ó lu itan rẹ̀, ìrora sì mú un. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Mo pè yín o, ẹ̀gbọ́n."

"Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí omi yẹn," mo wí. Mo ń wo ojú fèrèsé.

"Ohun tí mo sọ fún wọn gan-an nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn ní bóyá ẹ ti sùn lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi wo? Kí èmi wà níbí, kó máa sùn?"

Bàbá Sùnmọ́là rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe pàdé wa ní Ẹ̀gùá lọ́jọ́ yẹn, tí ẹ ń yọ̀, tí mo ń sọ ìtàn odò táìlì àti ẹyẹ táwẹ́ẹ̀lì. Gbogbo ẹgbẹ́ wa ló ń lo àpò funfun báyìí, ẹ sì máa ń sọ pé ẹ̀kọ́ tí Tíṣà kọ́ lọ́nà erékùṣù nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo kọ́ ọ. Làmídì ń lo ọ̀pá láti ìgbà náà, ó sì máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe fi ọjọ́ mẹ́ta ṣàìsùn nítorí tirẹ̀. Mi ò dá a lẹ́nu kọ́ rí.

Àbúrò mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Mo sùn ni.