Áńgẹ́lì Ẹnu Ọ̀nà Wa

Mo rántí ìgbà tí mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé áńgẹ́lì ń ná ọjà Mile 12. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ilé iṣẹ́ tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé, a ti kó kúrò nínú ẹ́sítéètì wá sí fúláàtì kékeré kan ní Kétu, àwọn ọmọ wa sì ń wo ojú wa. Kí nǹkan tó dà bẹ́ẹ̀, èmi ni mo máa ń gba àwọn obìnrin ìjọ níyànjú pé kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé Olúwa. Ìgbàgbọ́ ẹni tí owó oṣù ọkọ rẹ̀ ń wọlé déédéé ni mo ní, mi ò sì mọ̀. Lọ́jọ́ tí gààrí tán nínú ike, mo kúnlẹ̀ ní kíṣìnnì, mo fi ohùn rara ké pé, "Baba, Ìwọ tí O fi ẹyẹ bọ́ wòlíì, àwa náà rèé o!"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣílẹ̀kùn, mo bá láílọ́ọ̀nù dúdú kan tí wọ́n gbé kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn. Tòmátì wà nínú rẹ̀, ata rodo, àlùbọ́sà, àti iṣu tí wọ́n gé sí méjì kó lè wọlé. Kò sẹ́ni níta. Láti ìgbà náà, bí èyí tó wà nílé bá ti fẹ́ tán, láílọ́ọ̀nù mìíràn á tún dé. Mo sunkún, mo jó, mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ sọ pé áńgẹ́lì ń bọ́ wa. Ní ìjọ wa, èèyàn kì í ṣàdédé dé orí pẹpẹ lọ jẹ́rìí; àgbà obìnrin kan tí a ń pè ní Mọ́mì wà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rí náà. Tèmi dùn mọ́ wọn nínú débi pé wọ́n ní èmi ni màá kọ́kọ́ jáde lọ́jọ́ ìdúpẹ́.

Ọ̀sẹ̀ ìdúpẹ́ gan-an ni mo jí ní kùtùkùtù, mo ṣílẹ̀kùn láti da omi nù. Alhaja tó ń ta ata ní Mile 12, tí fúláàtì wọn fara ti tiwa, ló dúró níbẹ̀ pẹ̀lú híjáàbù ìrun lọ́rùn, tí wọ́n ń gbé láílọ́ọ̀nù kọ́. Wọ́n fò sókè bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí olè.

"Ìyàwó, má bínú jàre," ni wọ́n wí. "Mo gbọ́ àdúrà ẹ láti kíṣìnnì mi. Ògiri yìí ò nípọn. Mi ò kàn fẹ́ kójú ti dádì wọn ni."

Obìnrin tí mo ti ń gbàdúrà fún níkọ̀kọ̀ pé kí Ọlọ́run la ojú wọn ló ti ń bọ́ àwọn ọmọ mi.

Mo padà lọ bá Mọ́mì ìjọ, mo ní Alhaja ni áńgẹ́lì náà, ẹ̀rí mi ti tún dùn sí i. Ojú wọn ṣú.

"Sísítà, kí lẹ fẹ́ fi ba testimony tó dáa jẹ́ sí? Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Áńgẹ́lì yẹn máa bless àwọn èèyàn. Tẹ́ ẹ bá wá ní Alhaja, kí làwọn ọmọ ìjọ máa rò?"

"Wọ́n máa rò pé Ọlọ́run gbọ́ àdúrà, mà."

"Ẹ kàn ní 'ẹnì kan' nígbà yẹn. Ẹ má fi ẹ̀sìn kún un."

Inú bí mi. Wọ́n ní kí n wá dúpẹ́, wọ́n tún ní kí n fi olóore pamọ́! Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Irú ọpẹ́ tiwa yìí ńkọ́? Ìjọ tó gbà pé ẹyẹ lásán lè gbé oúnjẹ Ọlọ́run dé ọ̀dọ̀ wòlíì kò gbà pé Alhaja lè gbé e kọjá kọ́rídọ̀ kan ní Kétu. Kí wá ni Alhaja fi burú ju ẹyẹ lọ?

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, mo gorí pẹpẹ. Mo sọ nípa gààrí tó tán, mo sọ nípa àdúrà kíṣìnnì, ìjọ ń ké halelúyà. Mo wá ní, "Ẹni tí Ọlọ́run rán sí wa, Mùsùlùmí ni, Alhaja ni wọ́n..." Ni máìkì bá kú. Ẹgbẹ́ akọrin dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fi orin bò mí. Mo ń sọ̀rọ̀ lọ, àmọ́ ẹnu mi nìkan ló ń mì. Mọ́mì wá gbá mi mọ́ra, wọ́n sì rọra tì mí sọ̀kalẹ̀.

Mi ò dúró gba ìrẹsì ìdúpẹ́. Ilẹ̀kùn Alhaja ni mo lọ kàn, mo rò ó fún wọn, omijé ìbínú ń dà lójú mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

"Ìwọ náà, kí lò ń sunkún sí? Ẹni tó rán mi, ṣé kò mọ̀ pé mo jíṣẹ́ ni?"

Wọn kò bínú. Èmi ni mo bínú nítorí wọn, mo ṣì ń bínú. Mo dúró nínú ìjọ náà, torí ibẹ̀ ni mo ti mọ Jésù, kì í sì í ṣe Òun ló pa máìkì. Ọkọ mi ti ríṣẹ́ tipẹ́, Alhaja sì ti fi ọjà lé ọmọ wọn lọ́wọ́, wọ́n ti padà sí ìlú wọn. Tí mo bá bojú wẹ̀yìn, ọjọ́ tí wọ́n fi orin bò mí yẹn ni ìgbàgbọ́ mi dàgbà, torí ọjọ́ náà ni mo jáwọ́ nínú wíwá Ọlọ́run láàárín àwọn tó jọ mí nìkan. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá ní kí ẹni tó lẹ́rìí jáde, mo máa ń nàwọ́; wọn kì í pè mí. Kò burú. Nílé wa, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ, a máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, a ó sì dárúkọ Alhaja sókè ketekete. Kò sí máìkì níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè pa.