"Tú U" Ni Ọ̀gá Wí

Ní gbogbo ìdájí ni Jàmíátù télọ̀ ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù òkú. Orí rẹ̀ kò dàrú o. Obìnrin ẹni ogójì ọdún ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lọ́nà Ọ̀rà, òun sì ni ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ Ìlá fi ń yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wò kí wọ́n tó ṣe fírídọ̀mù fún wọn. Síbẹ̀, kí ó tó ṣílẹ̀kùn tirẹ̀, yóò kọ́kọ́ gbé ìgbálẹ̀ lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù Alàájì Mùstàfá, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó ti kú láti 1978. Àwọn ará àdúgbò ní oore ló ń ṣe. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tó wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi ní 1996.

Akínwùmí ni mí, ìwé ni mò ń tẹ̀ jẹun. Nígbà yẹn, ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ọwọ́ kan fẹ́ ṣí nílùú, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò máa wà níbẹ̀, tí yóò máa yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò, àti ti àwọn olùkọ́ wọn pàápàá, kí ibùdó náà má baà máa pín ìwé ẹ̀rí lásán. Jàmíátù fẹ́ iṣẹ́ yìí bí ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ. Wọ́n ní kó mú ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ wá, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní sìífíì.

"Ẹ má wulẹ̀ sọ pé ẹ mọ iṣẹ́ wò," mo ní. "Ta ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ sọ ohun tí ẹ máa ń wò."

"Inú aṣọ ni. Màá yí i padà. Ojú aṣọ lè tan èèyàn jẹ, inú rẹ̀ ni kò mọ irọ́ pa."

Mo tẹ̀ ẹ́. "Kí ló yí padà látìgbà tí ẹ ti ń ṣe é?"

"Tẹ́lẹ̀, ọ̀gá tó kọ́ ọmọ náà ló ń sọ pé ó ti mọ iṣẹ́. Mo ní rárá, ẹlòmíì ni kó wò ó. Bí ọmọ mẹ́ta láti ṣọ́ọ̀bù kan bá sì ṣe àṣìṣe kan náà, ọ̀gá wọn ni màá lọ bá. N ò ní bá ọmọ wí."

"Àǹtí Jàmíátù, ohun tí wọ́n ń wá gan-an nìyí!" Inú mi dùn débi pé mo yára tẹ ìlà tó kàn. "Ọdún wo lẹ gba fírídọ̀mù? Ta ló dá yín sílẹ̀?"

Ó gbé ọwọ́ lé ìwé tó wà lórí ẹ̀rọ náà.

"N ò gbà á," ló wí.

Ó wá sọ ọ́ fún mi. Bùbá ìyàwó Alàájì ni wọ́n ní kó fi ṣe ìdánwò. Ó rán an tán, ọ̀gá yí i padà, ó wo ìdí apá, ó ní, "Tú u." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú bí Jàmíátù. Ó ki aṣọ náà bọ àpò, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ ní Ọ̀rà, kò sì dágbére. Kí ó tó padà, ọ̀gá ti sùn láìjí, wọ́n sì ti sin ín. Nígbà tí ẹgbẹ́ wá fi í ṣe aláyẹ̀wò, kò sẹ́ni tó bi í bóyá wọ́n ti dá òun fúnra rẹ̀ sílẹ̀.

"Bí mo bá ti yí aṣọ ọmọ kan padà, Akínwùmí, mo máa ń gbọ́ ohùn ọ̀gá lẹ́yìn ọrùn mi. Tú u. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ṣì jẹ́. Ta ni ó gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù bí kò bá ṣe ọmọ iṣẹ́?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohùn tó fi pe "tú u" yẹn kì í ṣe tirẹ̀, ohùn ọkùnrin ni. Ara mi bù máṣọ.

Ẹ̀rù náà ló sọ mí di oníbìínú. "Ẹ jẹ́ ká kọ 1978 síbẹ̀ jàre! Ta ni yóò lọ bi òkú léèrè? Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà!"

Ó wò mí. "Èmi tí mò ń yí inú aṣọ ọmọ ọlọ́mọ padà?"

Ó dìde, ó ní kí n bá òun kálọ. Nísàlẹ̀ àpótí kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ti fa bùbá náà yọ, kò tíì tú u láti ọjọ́ yìí. Ó yí i padà, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ ìdí apá òsì bó ṣe ń ṣe fáwọn ọmọ. Etí aṣọ tó fi sílẹ̀ kò tó, ojú rírán sì wọ́. Bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá gbọ́wọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan péré, yóò ya.

"Òótọ́ ló sọ," ló ní. "Látọjọ́ yìí ni mo ti ń bá a bínú, òótọ́ ló sì sọ." Ó sunkún débi pé n kò mọ ibi tí n ó kojú sí. Lẹ́yìn náà ó mú bíléèdì, ó tú u, ó sì tún un rán.

A gbé e lọ bá Ìyá Àṣàkẹ́, opó Alàájì, tí kò ríran dáadáa mọ́. Jàmíátù kúnlẹ̀, ó gbé aṣọ náà lé e lọ́wọ́. Ìyá yí i padà, ó fọwọ́ tọ inú rẹ̀ títí.

"Aṣọ mi tó gbé sá lọ nìyí?"

"Òun ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá wọ bùbá náà lé èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti ṣàdúà. Jàmíátù kò gbójú kúrò níbi ìdí apá òsì yẹn. Kò ya.

"Mo dá ọ sílẹ̀ lórúkọ Mùstàfá," Ìyá wí. "Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ wa."

"Àmín."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tẹ sìífíì tí mi ò tẹ irú rẹ̀ rí: ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ iṣẹ́ ọmọ wò ní 1984, ó gba fírídọ̀mù ní 1996. Mo ní wọn yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́, wọ́n ní kó ṣàlàyé, ó ṣàlàyé, wọ́n sì gbà á.

Láti ìgbà náà ni kò ti gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́. Kí n má purọ́, bí mo bá ń kọjá níbẹ̀ láàárọ̀ tí mo rí ewé tó dà sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi máa ń yá.

Lọ́jọ́ kan mo kó ìwé lọ sí ibùdó náà. Jàmíátù ń yẹ iṣẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Títílayọ̀ wò. Ó yí aṣọ rẹ̀ padà, ó wo ìdí apá, ó sì yí orí díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn.

"Tú u," ló wí. Ohùn ọkùnrin yẹn náà ni. Mo dúró gbagidi.

Omi lé sójú ọmọ náà, ó ki aṣọ bọ àpò, ó ń wá bàtà rẹ̀. Jàmíátù di àpò náà mú, ohùn tirẹ̀ sì padà sí i lẹ́nu.

"Jókòó, ọmọ mi. Tú u níbí. Mi ò ní lọ síbì kankan títí wàá fi rán an tán."