Òdo Tí Mo Gbà Nínú Èéfín

Àárọ̀ Jímọ̀ ni mo rí àṣìṣe mi, lórí tábìlì kíṣìnì wa ní Peckham. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni ìròyìn wa máa jáde. Òun ló máa sọ fún àwọn ará abúlé kan, ní erékùṣù ọ̀nà jíjìn, bóyá kí wọ́n kúrò ní àgọ́ kí wọ́n padà sílé lẹ́bàá òkè ayọnáyèéfín wọn.

Iṣẹ́ mi ni pé kí n jókòó sínú ọkọ̀ òfúrufú kékeré, kí n fi ẹ̀rọ wọn gáàsì àti eruku tó wà nínú èéfín irú òkè bẹ́ẹ̀. Bí gáàsì bá pọ̀, nǹkan ń hó nísàlẹ̀ nìyẹn. Mummy máa ń sọ ní mọ́ṣáláṣí pé inú èéfín lọmọ òun ti ń jẹun. Ẹnì kan bi wọ́n bóyá súyà ni mò ń sun.

Uncle Ràṣídì, ará àdúgbò wa, ló mú mi wọṣẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi ni gbígba òdo: kí a tó wọ èéfín, a ó lọ síhà ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́, kí ẹ̀rọ gáàsì lè mọ ohun tó ń jẹ́ òfo. Iye tó bá kà níbẹ̀ la máa ń yọ kúrò nínú gbogbo èyí tó bá tẹ̀ lé e. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èmi kánjú. Lọ́jọ́ Tuesday, epo ọkọ̀ ti ń lọ, mo yọjú ní fèrèsé, ojú ọ̀run mọ́ kedere, mo bá gba òdo níbi tá a wà.

Àṣé etí èéfín la wà, ibi tó fẹ́lẹ́ débi pé ojú ò rí i. Ẹ̀rọ tó ń ka eruku rí i ní tiẹ̀. Gáàsì tòótọ́ ni mo pè ní òfo, tí mo sì ń yọ kúrò, gbogbo iye tá a kọ bá kéré jù, bí ẹni pé òkè náà ti rọlẹ̀. Mo pe Uncle.

"Uncle, ẹ má bínú. Òdo Tuesday yẹn, inú plume la wà."

"Ṣé o sure?"

"Particle counter ti lọ sókè ní exact minute yẹn, sir."

"Ta ló ti mọ̀?"

"Èmi nìkan."

"Email gbogbo team now. Sọ pé ìwọ ni. Má dúró dìgbà tá a bá kírun tán."

Ojú tì mí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, àmọ́ mo fi ránṣẹ́, wọ́n sì dá ìròyìn náà dúró. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e a padà lọ fò, mo gba òdo níbi tó yẹ. Gáàsì náà pọ̀ gan-an. Wọ́n ní káwọn èèyàn ṣì wà ní àgọ́.

Èmi àti Uncle lọ ṣàlàyé fún wọn. Ìyá àgbàlagbà kan ní kí ògbifọ̀ bi mí bóyá èmi ni mo ní kí wọ́n má lọ. Mo ní èmi ni.

"Mo so ewúrẹ́ mi sílẹ̀ lọ́hùn-ún," ni wọ́n wí. "Ta ló ń fún wọn lómi?"

Uncle wolẹ̀.

Òkè náà kò bú. Nígbà tí gáàsì lọ sílẹ̀ tí wọ́n jẹ́ kí àwọn ará abúlé padà, òkú ewúrẹ́ ni ìyá náà bá lórí ìso. Ó dùn mí títí dòní. Iye tí mo fi àṣìṣe kọ, mo ti bẹ̀bẹ̀ fún un. Èyí tó tọ̀nà, tó dá wọn dúró ní àgọ́, ni n ò mọ bí mo ṣe máa bẹ ìyá náà lé lórí.