Sọ́fúwíà Tòkunbọ̀ Tí Ẹ Rà fún Sọ́míìlì Wa

Baba Ràfíù, àná la ṣe fídáù ogójì ọjọ́ yín. Òní ni akáúńtáǹtì dé láti parí ìṣirò ọdún.

Nígbà tó dé orí láísẹ́ǹsì sọ́fúwíà ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tí ẹ rà lọ́wọ́ oníṣòwò pákó kan ní Òrù, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí tiwa, ó ní òun máa kọ gbogbo owó rẹ̀ sí ìnáwó ọdún yìí.

Mo ní, "Ìwé á wá sọ pé a pàdánù nìyẹn. Ohun tí àbúrò ọkọ mi ń wá gan-an nìyẹn kó lè ní ká ta ibí."

"Ìyá Ràfíù, tòkunbọ̀ ni. Kò tiẹ̀ ṣeé fọwọ́ kàn."

Mo nawọ́ sí ẹ̀rọ ìlagi. "Èyí ńkọ́? Ṣé tuntun la rà á ni? Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́ sí dúkìá?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ti mú mi! Ó dáa. Tí ẹ bá ṣì máa lò ó fún ọdún mélòó kan, dúkìá ni, a óò pín owó rẹ̀ sí àwọn ọdún náà. Tí ẹ bá fẹ́ ti ibí pa, ìnáwó ni. Èwo ni kí n kọ?"

Àwọn tó ń la igi dáwọ́ dúró, wọ́n ń wò mí.

Mo ní, "Ẹ kọ ọdún márùn-ún."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ṣé mo ṣì í sọ ni? Ẹ bá mi dá sí i.

Baba Ràfíù, kí Ọlọ́hun kẹ́ yín. Màá tún ṣí sọ́míìlì lọ́la.